Ilé onígi tí símẹ́ńtì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ní Rennes

Ilẹ̀kùn ni gbogbo ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Màmá àgbà kan tó ń gbé lókè kejì sọ pé ilẹ̀kùn yàrá òun ò padé mọ́, wọ́n pe kápẹ́ńtà kan, ó fi ìfági fá etí ẹ̀ díẹ̀, ó padé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ilẹ̀kùn tún kọ̀, wọ́n tún fá a. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ọmọọmọ màmá yìí tó wá kí i fi bọ́ọ̀lù kékeré sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bọ́ọ̀lù ò dúró o, ó ń yí lọ jẹ́jẹ́, ó kọjá lábẹ́ tábìlì, ó kọjá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó lọ kọlu ògiri tó kọjú sí títì, ó dúró síbẹ̀. Màmá ní ìgbà yẹn lòun tó mọ̀ pé kì í ṣe ilẹ̀kùn ló ń wú, ilé ló ń lọ.

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ ilé yìí sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ torí mo wà ńbẹ̀, èmi ni mo ń po amọ̀ tí mo ń gbé garawa gun òkè gun ìsàlẹ̀ fún ọ̀gá tí mò ń bá ṣiṣẹ́, obìnrin ni ọ̀gá mi o, kò sì sí ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ yẹn tó mọ igi tó o. Ìdí kejì ni pé àwọn èèyàn tá a jọ wà níbí máa ń sọ pé òfin tí ìjọba Faransé fi ń ṣọ́ àwọn ilé àtijọ́ ló ń jẹ́ kí ilé wó, pé wọn ò jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kan ilé ara ẹ̀. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Nílé tí mò ń wí yìí, àwọn tó ni ín ni wọ́n fẹ́ sin ín láàyè, òfin ló fà wọ́n lọ́wọ́ sẹ́yìn.

Rennes nìyẹn, olú-ìlú Bretagne, ní ìwọ̀ oòrùn Faransé, níbi tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣùgbọ́n tí kì í tán. Ilé náà wà ní ọ̀kan nínú àwọn títì tóóró tó wà nítòsí Place des Lices, ibi tí wọ́n ti ń ná ọjà ńlá ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ lọ́wọ́ ìyálẹ̀ta, sọ́séèjì tí wọ́n sun tí wọ́n fi galette, páńkéèkì pẹlẹbẹ wọn, wé ni gbogbo èèyàn mú dání tí wọ́n ń jẹ bí wọ́n ṣe ń rìn. Mi ò ní dárúkọ títì náà torí àwọn onílé ṣì ń gbébẹ̀, wọ́n sì ti bára wọn jà tó.

Ìsàlẹ̀ ilé náà òkúta ni. Lókè òkúta, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta onígi, àti yàrá kékeré kan lábẹ́ òrùlé. Igi oak ni egungun ẹ̀, òpó tó dúró, ìtí tó dùbúlẹ̀, àwọn míì tí wọ́n dábùú ara wọn bí ẹni ká apá méjì pọ̀ láyà, amọ̀ tí wọ́n po mọ́ koríko gbígbẹ ni wọ́n sì fi dí àlàfo àárín wọn. Kò sí ìṣó nínú egungun yìí o, èèkàn igi ni wọ́n fi so ó pọ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan yọ ikùn síta ju èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ lọ, débi pé tẹ́ ẹ bá dúró láàárín títì tẹ́ ẹ gbójú sókè, ilé ọ̀tún àti ilé òsì ń forí kora bí àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á sọ pé yóò wó kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti bí irinwó ọdún.

Ohun tó jẹ́ kí irú ilé bẹ́ẹ̀ níye lórí ní Rennes ni pé iná ti kó èyí tó pọ̀ lọ. Ní December 1720, iná ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà kan ní rue Tristin, wọ́n ní ọkùnrin náà ti mutí, iná jó fún bí ọjọ́ mẹ́fà, ilé 945 ló bá a lọ. Nígbà tí wọ́n máa tún àárín ìlú kọ́, wọ́n ní kò sí ojú ilé onígi mọ́ níbi tó jó, òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, títì tó gún régé, ojú fèrèsé tó dọ́gba, Jacques Gabriel tó jẹ́ ákítẹ́ẹ̀tì ọba ló ya ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlú yìí fi rí bí ìlú méjì tí wọ́n rán pọ̀: ẹ̀ ń bọ̀ láti ibi tí gbogbo ilé dúró bíi sójà, ẹ yà sí kọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ọ̀mùtí. (Òkúta náà ò sì gba èèyàn lọ́wọ́ iná tán o. Ilé Parlement de Bretagne, ìyẹn ilé ẹjọ́ ńlá wọn, tí iná 1720 ò rí mú, òrùlé ẹ̀ jóná ní February 1994.)

Lẹ́yìn iná yẹn, ìtìjú igi mú àwọn tí ilé wọn ò jó. Ọ̀pọ̀ fi chaux rẹ́ ojú ilé wọn kó lè jọ òkúta. Chaux yìí, òkúta ẹfun ni, wọ́n á sun ún níná, wọ́n á fi omi pa á, ó máa di ohun tí wọ́n ń fi rẹ́ ògiri. Ìyẹn ò pa ilé lára rárá. Ilé tiwa yìí náà gbà á, a rí àwọ̀ ẹ̀ ní ìpele méjì mẹ́ta nígbà tá a ń họ ọ́. Ibi tó ti bàjẹ́ ni ìpele tó wà lókè pátápátá.

Màmá àgbà ní fótò kan tí ọkọ ẹ̀ yà ní bí 1960, ilé wà lẹ́yìn, sikáfọ́ọ̀dì wà lára ilé, bíríkìlà méjì ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Símẹ́ńtì ni wọ́n ń fi rẹ́ ẹ. Wọ́n kan wáyà tí wọ́n fi ń ṣe àgò adìẹ mọ́ ara igi kí símẹ́ńtì lè dì í mú, wọ́n rẹ́ ẹ nípọn dáadáa, wọ́n kùn ún ní yẹ́lò. Màmá ní inú gbogbo wọn dùn, ilé ti di tuntun, kò fi igi hàn mọ́.

Igi oak kì í kú torí òjò pa á. Òjò ń pa ilé yìí bọ̀ kí wọ́n tó bí bàbá ńlá ẹnikẹ́ni tó ń gbébẹ̀. Ohun tó ń pa igi ni kí omi wọlé kó má ríbi jáde. Amọ̀ àti chaux máa ń mu omi, tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí wọn wọ́n á tú u sílẹ̀, igi ń wú lásìkò òjò, ó ń sún kì lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, amọ̀ sì ń tẹ̀ lé e. Símẹ́ńtì le, kì í bá igi jó. Igi yí díẹ̀, símẹ́ńtì là, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, òjò bá ibẹ̀ wọlé, ó dé ẹ̀yìn símẹ́ńtì ó jókòó síbẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ló fi ń wọlé tí kò jáde. Ọ̀gá mi ní bí ẹni wọ bàtà ọlọ́ràá láìbọ́ ọ ni.

Mo mọ ohun tó ń wí. Ilé bàbá bàbá mi ní Ìsẹ́yìn, alámọ̀ ni, àwọn bàbá wa dáwó jọ wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ nígbà tí mo wà ní kékeré, kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí eéwo, tẹ́ ẹ bá fìka kàn án, odindi ògiri á dún kòkòkò bí igbá òfìfo.

Ẹ wá gbọ́ ohun táwọn onílé fẹ́ ṣe. Onílé márùn-ún ló pín ilé náà láàárín ara wọn, ẹni tó ni ìsàlẹ̀ fi ṣe ilé ọtí, àwọn méjì ń rẹ́ǹtì ún fún sítúdẹ́ǹtì, màmá ń gbé tiẹ̀, ẹnì kan wà ní Paris tí kì í wá. Wọ́n ní mánéjà kan tó ń bá wọn bójú tó ilé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù dé etí wọn, mánéjà wá, ó rí ibi tí símẹ́ńtì ti là lójú ilé, ó ní ṣebí òjò ló ń wọlé, ẹ jẹ́ ká dí i, ká fi símẹ́ńtì tuntun lé e, ká kùn ún. Ó gba iye owó lọ́wọ́ kọ̀ǹtírátọ̀ kan. Kò wọ́n rárá. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kan ṣoṣo, èyí tí màmá ní kò ṣẹlẹ̀ rí láti ogójì ọdún.

Àmọ́ ilé yìí wà lábẹ́ òfin. Ní Faransé, òfin 1913 ló dá ètò ìdáàbòbò ohun àtijọ́ tí wọ́n ṣì ń lò títí dòní sílẹ̀, ipele méjì ló ní, àwọn tí wọ́n ń pè ní classé, ìyẹn ni ọwọ́ òfin le mọ́ jù, àti àwọn tí wọ́n ń pè ní inscrit. Inscrit ni tiwa. Lẹ́yìn ìyẹn, òfin Malraux dé ní 1962, ó ní kì í ṣe ilé kọ̀ọ̀kan nìkan lèèyàn á máa ṣọ́, odindi àdúgbò náà lè wà lábẹ́ ìṣọ́, wọ́n sì ti pààlà ti Rennes láti 1966. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé nírú àdúgbò yìí, òfin wọ inú ilé. Àtẹ̀gùn, àjà, ibi ìdáná, tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ máa gbàṣẹ. Ìwé lọ sí ilé ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n á taari ẹ̀ sí Architecte des Bâtiments de France, ákítẹ́ẹ̀tì ìjọba tó ń ṣọ́ ilé àtijọ́, ABF ni gbogbo èèyàn ń pè é, tí ABF bá ti ní rárá, ìjọba ìbílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní rárá.

ABF ní rárá. Ó ní kò sí símẹ́ńtì kankan tó tún máa kan ilé yẹn, kàkà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n họ èyí tó wà ńbẹ̀, ó kéré tán ní ibi mẹ́ta, kí ẹni tó mọ igi wo ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ kí wọ́n tó mú ìwé míì wá. Àwọn onílé bínú! Mi ò sí ní mítíìnì yẹn, màmá ló sọ fún wa. Onílé ọtí ní òfin yìí ò fẹ́ràn èèyàn, igi ló fẹ́ràn. Ti Paris kọ ímeèlì gígùn kan pé wọ́n fẹ́ kó òun ní gbèsè. Mánéjà dá a lábàá pé kí wọ́n kàn fi àtè dí ojú ibi tó là, ta ló máa mọ̀. Màmá ló kọ̀, ó ní bọ́ọ̀lù mọ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe pe ọ̀gá mi.

A bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ Mọ́ńdé kan, òtútù mú, mo lu símẹ́ńtì náà lókè ilé ọtí, níbi tí ìtí igi gígùn kan ti dùbúlẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan ilé dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Sablière ni wọ́n ń pe ìtí yìí, gbogbo òpó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ló dúró lé e. Símẹ́ńtì ò fọ́, ó ṣí ni, odindi pátákó kan bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú wáyà adìẹ ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ dúdú, ó tutù, ó ń rùn bí abẹ́ ewé inú igbó tí olú hù sí. Ọ̀gá ò sọ nǹkan kan. Ó yọ ọ̀bẹ ìléwọ́ ẹ̀, ó tì í bọ inú igi. Ọ̀bẹ wọlé dé èèkù. Ó yọ ọ́, ó sún lọ síwájú ní ìwọ̀n apá kan, ó tún tì í, ó wọlé. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí ó fi dé ibi tí ọ̀bẹ ti dún kọ́, tó kọ̀ láti wọlé, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbẹ̀. A wọn ún, mítà méjì ó lé díẹ̀ ni igi ò sí mọ́. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo bù ú, ó rí bíi gààrí tí wọ́n da omi sí tó ti gbàgbé ara ẹ̀, ṣùgbọ́n dúdú.

Mo bi í pé, "Ọ̀gá, kí ló wá gbé ilé dúró?"

Ó ní, "Àṣà." Ó ní ilé onígi kì í wó bíi ti bíríkì, tí ẹsẹ̀ kan bá ṣẹ́, àwọn ẹsẹ̀ yòókù á pín ẹrù ẹ̀ gbé, wọ́n á máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọn ò ní pariwo. Ìdí tí ilẹ̀kùn màmá fi ń kọ̀ nìyẹn.

Kòkòrò wà ńbẹ̀ náà. Onílé ọtí rí ihò lára òpó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé capricorne ni, pé kí wọ́n fín oògùn sí gbogbo ilé. Ọ̀gá ní capricorne kì í jẹ oak, igi bíi pine ló ń jẹ. Èyí tó wà nínú igi wa ni vrillette, kòkòrò tó jẹ́ pé oak tó gbẹ tó le ò ṣe é jẹ fún un, ó máa dúró kí omi àti olú bá a rọ igi náà ná kó tó wọlé. Nítorí náà ẹ lè fín oògùn títí, tí omi ò bá kúrò ńbẹ̀, ẹ kàn ń fi owó ṣeré ni. Mérule lohun tó ń ba èmi lẹ́rù, olú tó ń jẹ ilé ní Bretagne bí ẹni jẹ búrẹ́dì, ó máa ń gba inú òkúta kọjá láti lọ wá igi míì jẹ, láti òfin 2014 ẹni tó bá rí i nílé ẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sọ fún ìjọba ìbílẹ̀. A gé díẹ̀ lára igi ránṣẹ́ sí láàbù. Nígbà tí wọ́n ní kì í ṣe òun, olú míì tó rọjú díẹ̀ ni, ọ̀gá ra kọfí fún gbogbo wa.

Ẹ má rò pé símẹ́ńtì nìkan ló jẹ̀bi o. Ní bí ogún ọdún sẹ́yìn, ẹnì kan tó ni yàrá tó wà lókè àkọ́kọ́ ṣe balùwẹ̀ sí igun kan níbi tí balùwẹ̀ ò sí rí, páìpù ẹ̀ ń jò sára òpó ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó ni ilé ọtí náà, tàbí ẹni tó tà á fún un, kálukú ń tì í síra wọn, ti yọ ògiri onígi kan kúrò nísàlẹ̀ kí tábìlì lè gbàyè sí i. Kò gbàṣẹ. Ògiri tínínrín ni lójú ẹ̀, kò mọ̀ pé ó ń gbé nǹkan. Gọ́tà tó wà lókè náà ti ya láìmọye ọdún. Gbogbo ẹ̀ pàdé lára ìtí kan náà, ibi tí omi òkè ń sàn sí, ibi tí símẹ́ńtì ti dí i pa, ibi tí wọ́n ti yọ òpó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀ kúrò. Tí wọ́n bá fi símẹ́ńtì tuntun lé e bí wọ́n ṣe fẹ́, ẹrù míì ni wọ́n ń gbé lé aláìsàn lórí.

Ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀, ó ya fótò, ó fi ránṣẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìjọba ìbílẹ̀ fi gbé ìwé àṣẹ jáde pé ilé náà léwu. Arrêté de péril ni wọ́n ń pe irú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, láti 2021 orúkọ ẹ̀ ti yí, mise en sécurité ni wọ́n ń pè é báyìí, àmọ́ ẹ̀rù tó ń bani kò yí. Ilé ọtí tì. Àwọn sítúdẹ́ǹtì kó lọ, ọ̀kan nínú wọn gbàgbé ọ̀pọ̀tọ́ inú ìkòkò kan sí ojú fèrèsé, èmi ni mo ń bomi rin ín títí a fi ṣe tán. Màmá ní òun ò lọ. Ó ní òun bímọ nílé yìí, ọkọ òun kú síbẹ̀. Ọ̀gá gun òkè lọ bá a, wọ́n pẹ́ ńbẹ̀, nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ màmá ti wọ kóòtù, báàgì kékeré kan lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ tó o ga yìí, má jẹ́ kí wọ́n kan ilẹ̀ pákó mi." Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, mo wà ńbẹ̀."

Iṣẹ́ gan-an wá bẹ̀rẹ̀. A fi òpó irin gbé ilé ró láti ìsàlẹ̀ dé òkè, a fi jáàkì sábẹ́ ẹ̀. Mo rò pé a máa fi jáàkì gbé e sókè lọ́jọ́ kan kó tọ́. Háà! Mìlímítà méjì lójúmọ́. Láàárọ̀ ẹ yí jáàkì díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ lọ ṣe iṣẹ́ míì, ilé á máa dún, kẹ́ẹ́ẹ́, kó, bí bàbá àgbà tó ń na ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ tó bá dún jù, ọ̀gá á ní ká fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Okùn olójé kan wà tá a so sókè lára òpó tó wà ní kọ̀rọ̀, ibi tí òjé bá dúró sí ni mo ń fi pẹ́ńsù sàmì sí láràárọ̀, àwọn àmì náà ṣì wà lára òkúta ìsàlẹ̀, wọ́n jọ ẹsẹ̀ ẹyẹ.

A ò pààrọ̀ odindi ìtí náà. Ìyẹn náà ABF ò gbà, ọ̀gá sì ní òun gan-an ò bá má gbà, torí apá tó kù ṣì le bí irin. Ibi tó rà nìkan la gé, a fi oak tútù rọ́pò ẹ̀. Oríkèé tí wọ́n fi so tuntun mọ́ ti àtijọ́, trait de Jupiter ni àwọn kápẹ́ńtà Faransé ń pè é, wọ́n gé igi méjèèjì ní wọ́gọwọ̀gọ kí wọ́n lè há mọ́ra, tẹ́ ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, bíi mànàmáná ló rí. Jupiter ni Ṣàngó àwọn ará Róòmù àtijọ́. Mo sọ fún kápẹ́ńtà tá a jọ ń ṣe é pé nílé wa tí ẹni yẹn bá wọ ilé yín, ẹ máa sá jáde ni, ẹ̀yin wá fi í so ilé pọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí. Èèkàn tá a fi kàn án gbẹ dáadáa, igi tuntun tútù, tí igi náà bá ń gbẹ á máa sún kì mọ́ èèkàn, kò tún ṣe é yọ. Ẹ ò gbọ́dọ̀ kan ìṣó irin mọ́ ọn, omi ara oak máa ń bá irin jà, á di dúdú lára igi, irin náà á sì jẹ.

Nígbà tá a tú ìdí òpó kan, mo rí àmì tí wọ́n fi irin ìgbẹ́gi gbẹ́ sí i, ìlà mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn àti ìlà kékeré kan tó yọ ìwo. Mo rí ìkejì ẹ̀ lára ìtí tó ń gbà á. Àwọn tó kọ́ ilé yẹn gé gbogbo igi ẹ̀ ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n tò ó pọ̀ kí wọ́n rí i pé ó bára mu, wọ́n fi nọ́ńbà sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, wọ́n tú u, wọ́n gbé e wá sójú ilẹ̀, wọ́n tún un tò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo fọwọ́ pa nọ́ńbà yẹn lára. Ó mú, bí ẹni pé àná ni wọ́n gbẹ́ ẹ, torí pé oòrùn ò kàn án rí. Kápẹ́ńtà gbẹ́ irú ẹ̀ sára igi tuntun, ó fi ọdún sí i.

Amọ̀ ni tèmi. A họ amọ̀ àtijọ́ kúrò níbi tó ti rọ̀, a ò dà á nù, a rẹ ẹ́ sómi, a da amọ̀ tuntun mọ́ ọn, koríko gbígbẹ tí a gé kéékèèké, mo bọ́ bàtà mo wọ inú ẹ̀ mo ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn aráàlú tó ń kọjá ń ya mí ní fótò. A fi àpá igi tẹ́ẹ́rẹ́ há àárín òpó, a lẹ amọ̀ mọ́ ọn láti inú àti láti ìta kí ó lè pàdé, a fi í sílẹ̀ kó gbẹ, ó là yánnayànna, ó gbọ́dọ̀ là, a wá fi chaux àti yanrìn rẹ́ ojú ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Iṣẹ́ yìí ò ṣe é kánjú ṣe, amọ̀ ò gbọ́ èdè mánéjà.

Ìjà tó kẹ́yìn, lórí àwọ̀ ni. Àwọn onílé fẹ́ kí igi hàn, kí wọ́n kùn ún ní búráùn dúdú bíi ti káàdì táwọn arìnrìn-àjò ń rà. Ọ̀gá fi ibi kan hàn wọ́n lábẹ́ èyí tí símẹ́ńtì bò, níbi tí ọ̀dà pupa bí ilẹ̀ Ìbàdàn ṣì lẹ̀ mọ́ igi, ìyẹn ni pé wọ́n ti kùn ún rí, igi dúdú ihòòhò yẹn, àṣà ìgbà tó sún mọ́ wa ni. Wọ́n bá a jiyàn. ABF ní pupa. Owó wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba fún apá kan, torí pé inscrit ni, ìyókù wọ́n pín in, onílé ọtí sì san ti ògiri tó yọ, ó tún un gbé síbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, tábìlì mẹ́ta ló bá a lọ.

Màmá padà dé ní ọ̀sẹ̀ tá a ń kó sikáfọ́ọ̀dì. Ilẹ̀kùn ẹ̀ padé. Ó ṣí i, ó tì í, ó ṣí i, ó tì í. Ó mú bọ́ọ̀lù jáde láti inú dúróà, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bíi tọjọ́ yẹn, gbogbo wa dákẹ́. Bọ́ọ̀lù yí. Ó rọra yí dé abẹ́ tábìlì, ó dúró síbẹ̀. Ọ̀gá ṣàlàyé fún un pé a ò lè mú ilé padà sí títọ́ bó ṣe wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pé àwọn èèkàn òkè ti tẹ̀ mọ́ bó ṣe wà, tá a bá tẹ̀ ẹ́ jù wọ́n á ṣẹ́. Màmá ní òun gbọ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa pákó kékeré tó ti fi sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ yọ, ó wò ó sí ìmọ́lẹ̀, ó ní ó ti nípọn jù báyìí, ó nawọ́ ẹ̀ sí mi, ó ní kí n bá òun fá a.